Béjídé, Ọmọ Etí Kànga

Ẹni tó bá fẹ́ rí wàhálà ní Ìgándò, kí ó máa jẹ́ dókítà kí ó má sì lè wo ẹ̀fọ́rí. Bí ọ̀rọ̀ Dókítà Báyọ̀dé Olúsànyà ṣe rí nìyẹn. Dókítà ewéko ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì kò ju pé kí wọ́n gbé ewé wá, kí ó wò ó, kí ó sọ orúkọ tí ó ń jẹ́ àti ẹbí tí ó ti wá. Ohun tí ewé náà ń wò kò kàn án. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún àwọn tí wọ́n jọ háyà ilé? Alhaji Jàfárù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ́mù, tó ń gbé yàrá iwájú, kì í yé gbé ewé wá bá a nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Dókítà á gba ewé náà, á yí i síwá yí i sẹ́yìn, á pe orúkọ Látìn kan tó gùn bí okùn kànga, á sì dá a padà fún un.

"Dókítà, ẹ̀yìn mi ńkọ́?"

"N ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀yìn yín, Alhaji. Ewé yín ni mo mọ̀."

Alhaji á mi orí. "Ẹni tó mọ orúkọ gbogbo ewé tí kò mọ èyí tó ń wo ẹ̀yìn," ni ó máa ń wí fún Aasiyah ìyàwó rẹ̀, "ó dà bí ẹni tó mọ orúkọ gbogbo ọlọ́jà tí ebi ṣì ń pa."

Dókítà kì í bínú. Òótọ́ ni ó fẹ́ràn, kódà níbi tí òótọ́ kò ti ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Bí o bá kí i pé ẹ kú òjò, á yọ ojú sókè wo ọ̀run, á ní kì í ṣe òjò, winniwinni ni. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún lọ́kàn. Kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì, gbogbo ewéko tí ó sì ti ń dárúkọ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú, ẹlòmíràn ló sọ wọ́n lórúkọ. Ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń gbé jó. Òun fúnra rẹ̀ kò tí ì sọ ẹyọ kan lórúkọ rí. Kò fẹ́yàwó, kò sì bímọ, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ pé ìyẹn kò dun òun tó ti ewéko, àwa náà sì gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Onílé wọn ni Màmá Àtọ́kẹ́, arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ahọ́n rẹ̀ ṣì mú. Ọmọ mẹ́rin ni ó bí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà lókè òkun, inú fóònù ló sì ti ń rí wọn ní ọjọ́ Àìkú.

Ìgbà tí òjò ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Dókítà lọ pọn omi ní kànga ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, ó bá Màmá níbẹ̀ tó lóṣòó, tó ń já gbúre tó hù sí etí kànga sínú abọ́. Dókítà kí i, ó ju korobá sísàlẹ̀, ó wá rí ibi tí ọwọ́ Màmá dorí kọ.

"Màmá, ẹ dúró!"

Igbe náà pọ̀ débi pé okùn já bọ́ lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, korobá sì bá omi lọ. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò ó. Ó ti fi ṣòkòtò iṣẹ́ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ti yọ gíláàsì kékeré tí ó fi ń wo ewé jáde lápò, imú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

Ewéko náà kò ga ju ìka lọ. Òun nìkan ló dá dúró nínú ihò kan lára búlọ́ọ̀kù kànga. Ẹni tí kò mọ̀ á ní gbúre ni. Ṣùgbọ́n igi rẹ̀ ní igun mẹ́rin bíi páálí ìṣáná, irun wẹ́wẹ́ kún abẹ́ ewé rẹ̀, kókó òdòdó kan ṣoṣo sì wà lórí rẹ̀ tó ti ń fi àwọ̀ aró hàn díẹ̀díẹ̀. Gbúre kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ìkankan nínú ẹbí gbúre tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà ń bẹ Màmá pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó má fi ìyẹn ṣọbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sùn dáadáa mọ́. Ó tú gbogbo ìwé rẹ̀. Ó wá gbogbo etí gọ́tà láti Ìgándò dé Ìkòtún, ó dé Akowonjo, ó ń yọ orí wo ẹ̀yìnkùlé onílé kiri títí wọ́n fi lé e bí olè ní àdúgbò kan. Kò rí ìkejì rẹ̀. Ó kọ̀wé sí àgbà onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó mọ̀ nípa ẹbí gbúre ju gbogbo aráyé lọ, onítọ̀hún sì fèsì pé irú èyí kò sí nínú ohun tí òun ti rí rí, kí ó tètè fi í ránṣẹ́. Dókítà ka èsì náà lórí ìjókòó, ó tún dìde dúró kà á. Ó padà sí etí kànga láti lọ wo ewéko náà, ó bá Màmá níbẹ̀.

"Dókítà, kí ló tiẹ̀ ń jẹ́ gan-an, ohun tí kò jẹ́ kí n rímú mí yìí?"

"Kò lórúkọ, Màmá."

"O ò mọ orúkọ rẹ̀ ni?"

"Rárá o. Kò lórúkọ ni. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ rí láyé yìí."

Màmá gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. "Nínú ilé tèmi? Wọ́n bí nǹkan sínú ilé mi, kò lórúkọ, ẹ wá ń fi gíláàsì wò ó níran? Ìgbà wo ni a rí i?"

"Ọjọ́ tí korobá já sínú kànga."

Màmá fi ìka kà á, ó sì pariwo. "Ọ̀la ni ọjọ́ kẹjọ! Ìwọ Báyọ̀dé, o kàwé kàwé, o ò mọ ọjọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ?"

Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ì bá ti sá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Dókítà rò ó pé àṣẹ onílé ni òun nílò kí òun tó lè fa ewéko náà tu, àti pé kí wọ́n fi oyin ṣeré díẹ̀ láàárọ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni. Ó ní kò burú. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé kí á má máa sọ pé kò burú kí á tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, etí kànga ti kún. Aasiyah ti to omi, oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare sínú àwo. Wòlíì Gideon, olórí ìjọ aláṣọ funfun tí ògiri wọn kan ti Màmá, ti dé pẹ̀lú agogo lọ́wọ́, láìwọ bàtà. Alhaji Jàfárù náà ti dé, fìlà rẹ̀ sì mọ́ ju ti Júmọ̀ọ́ lọ.

"Kí á tó bẹ̀rẹ̀," ni Wòlíì wí, "ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Méjèèjì ni," ni Dókítà dáhùn.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

"Aúsùbilláhì!" ni Alhaji wí, ó sì fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

"Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Inú òdòdó kan náà ni akọ àti abo rẹ̀ máa wà."

"Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí," ni Màmá wí, "ẹ yé dẹ́rù ba ọmọ tuntun, jàre."

Wòlíì fi ìka tọ́ oyin, ó fi kan ewé kan, ó ní ayé rẹ̀ kò ní korò. Èèrà ti ń bọ̀ kí wọ́n tó ṣe àmín tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí Aasiyah bu iyọ̀, Dókítà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Iyọ̀ á pa á!"

"Dókítà, iyọ̀ ló ń mú ayé dùn."

"Ayé ènìyàn. Ewéko ń kú sí i."

Wọ́n jiyàn títí. Níkẹyìn Màmá ní kí bàbá ọmọ bá a tọ́ ọ wò. Ni gbogbo wọn bá yíjú sí Dókítà. Ta ló kọ́kọ́ rí i? Ta ló sáré káàkiri Ìkòtún nítorí rẹ̀ tí wọ́n lé bí olè? Bàbá wo ló tún kù? Báyìí ni Dókítà Báyọ̀dé Olúsànyà ṣe la ẹnu sílẹ̀ létí kànga, tí wọ́n fi iyọ̀ sí i.

Orúkọ wá kàn. Wòlíì sọ ọ́ ní Hephzibah. Alhaji sọ ọ́ ní Hamdalah. Dókítà ṣàlàyé pé ní tàwọn, orúkọ méjì lédè Látìn ni ewéko máa ń jẹ́, ti ìdílé àti ti òun gan-an, àti pé òun ti pinnu láti fi orúkọ Ìgándò sọ ọ́. Alhaji bi í bóyá ó ti rí ọmọ tó ń jẹ́ Ìgándò rí.

"Ẹ má da ara yín láàmú," ni Màmá wí. "Ọmọ tí a bí nígbà òjò mú orúkọ tirẹ̀ wá láti ọ̀run. Béjídé ni."

Gbogbo wọn pè é ní Béjídé. Wòlíì lu agogo, Alhaji ṣe àdúà, Aasiyah pín obì. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Dókítà dákẹ́ wọlé lọ, ó gbé ọ̀bẹ àti ìwé ìròyìn àtijọ́ jáde.

"Ọ̀bẹ ti kí ni?" ni Alhaji bi í. "Ṣé ilà ni? Dókítà, ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ ná."

"Mo fẹ́ fà á tu ni nígbà tí òdòdó rẹ̀ bá là. Mo fẹ́ mọ bí ìwé yìí bá gbà á. Màá tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú rẹ̀ kó gbẹ."

Èèrà nìkan ló ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lórí oyin.

"Òfin wa nìyẹn," ni Dókítà tẹ̀síwájú, nítorí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn dákẹ́. "Àwòrán kò tó. Ewéko tí a kò bá tọ́jú òkú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò múlẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa," ni Wòlíì wí. "A sọ ọmọ lórúkọ tán, ẹ wá fẹ́ pa á, kí orúkọ náà lè mọ́ ọn lára?"

"Gan-an nìyẹn!" ni Dókítà wí. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan lóye.

Wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ṣọ́ Béjídé. Alhaji gbé férémù alumíníọ́mù yí i ká, ó ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó nítorí ewúrẹ́. Bí òjò bá pọ̀, Màmá á jókòó tì í pẹ̀lú agbòòrùn. Wòlíì ń wá gbàdúrà lé e lórí láàárọ̀. Àwọn ará àdúgbò tó ń kọjá ń yà wá kí Màmá pé ẹ kú ọwọ́ lómi, wọ́n sì ń pe Dókítà ní Bàbá Béjídé lójú títì. Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé, ó pàrọwà, ó fi ìwé hàn wọ́n. Alhaji ní òun ò rí bàbá tí ọ̀bẹ ń yá lọ́wọ́ báyìí rí.

Kókó òdòdó náà sì ń wú. Dókítà mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ó bá là láàárọ̀, kò ní rí ọ̀sán tí yóò fi rọ, nígbà tí òjò bá sì lọ, ewéko náà yóò kú tòun ti orúkọ. Yóò fẹ̀yìn tì bí ó ṣe wọṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà bá a kanlẹ̀ débi pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, níbi tí wọ́n ti jókòó yí férémù ká, ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n ọ́n.

"Ẹ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀!" ni ó kígbe. "Ẹnì kan ń dúró dè é ní Lọ́ńdọ̀nù!"

Alhaji Jàfárù gbójú sókè. "Lọ́ńdọ̀nù wo?"

"Ìlú òyìnbó. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí."

"Béjídé? Físà ńkọ́?"

"Kì í gba físà. Ìwé kan ṣá ni ìjọba máa fún un pé kò ní àrùn lára."

"Kò gba físà!" Alhaji jókòó sórí ìgànná kànga pẹ̀sẹ̀. "Èmi tí wọ́n já ní ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ìgbà wo ló máa padà wá?" ni Aasiyah bi í.

"Kì í padà wá. Wọ́n á tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ títí láé."

"Títí láé!" ni Alhaji wí. "Ó ti gba páálí ìgbélùú nìyẹn! Inú ilé wo ló máa gbé?"

"Inú kọ́bọ́ọ̀dù irin, nínú yàrá tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú tutù tọ̀sántòru."

"Iná kì í lọ níbẹ̀?"

"Kì í lọ."

Kò sí ẹni tó tún bi í léèrè bóyá Béjídé yóò kú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Wòlíì ti rántí pé òun ti rí ọkọ̀ òfúrufú lójú ìran nígbà tí ọmọ náà ṣì wà ní ewé méjì. Lọ́jọ́ kejì, Aasiyah gbé èlùbọ́ àti ata gígún wá láti fi kún ẹrù rẹ̀. Dókítà ní kò lẹ́nu. Aasiyah ní kí ó sá máa gbé e lọ, àlejò kì í dé ọwọ́ òfìfo. Àwọn ará àdúgbò tò, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sọ̀rọ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́. Ọkùnrin kan láti Òkè-Odò ní kí ó bá òun kí àbúrò òun tí kò gbé fóònù mọ́. Alhaji ní tirẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá ewéko lè kọ orúkọ ènìyàn kan sínú ìwé físà bí ará ilé rẹ̀.

Màmá Àtọ́kẹ́ nìkan ni kò rán an níṣẹ́.

Òdòdó náà là ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Dókítà ló kọ́kọ́ dé ẹ̀yìnkùlé, tàbí kí á ní ó rò bẹ́ẹ̀. Màmá ti wà lórí àpótí ìjókòó rẹ̀. Ó ti ká nẹ́ẹ̀tì kúrò. Òdòdó aláwọ̀ aró náà kò tó bọ́tìnnì ẹ̀wù, ṣùgbọ́n ó tẹ́jú sí oòrùn bí ẹni pé òun ló ni gbogbo Ìgándò.

"Wọ́n ní ó ń lọ," ni Màmá wí láìbojú wẹ̀yìn.

"Bí ẹ bá gbà, Màmá."

"Àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo sì gbà." Ó fi ìka yọ èèrà kan kúrò lára ewé. "Orúkọ tí mo sọ ọ́ yìí, ṣé wọ́n á máa pè é? Ọláṣùmbọ̀ mi ti ń jẹ́ Shelly."

"Kò sẹ́ni tó lè yí i padà. Òfin wa ni. Wọ́n lè mú un kúrò nínú ìdílé kan lọ sí òmíràn bí ọmọ tó lọ ilé ọkọ, ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ á bá a lọ."

"O ní o fẹ́ sọ ọ́ ní Ìgándò."

"Béjídé ló ń jẹ́, Màmá."

Màmá mi orí. Dókítà rí i pé òótọ́ kan kù tí òun kò tíì sọ fún un, ọ̀fun rẹ̀ kò sì gba kí ó gbé e mì. "Màmá, bó bá dúró síbí náà, ó máa kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí tiwọn ṣe rí nìyẹn."

"Ta ló ní mi ò mọ̀? Mo dáko kí wọ́n tó bí ọ." Ó yíjú padà wò ó wàyí. "Ṣé mo ní kó wà títí láé ni? Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan wà níbí ni."

Dókítà gbé ìwé ìròyìn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí, ó sì yà á lẹ́nu pé òun lè fara mọ́ ọn. Ó fà sẹ́yìn, ó fẹ́ wọlé.

"Níbo lò ń lọ?" ni Màmá wí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ki ìka bọ inú ihò búlọ́ọ̀kù náà, ó ń fi ẹ̀sọ̀ tú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, títí Béjídé fi jáde wá tòun ti gbòǹgbò. Ó bu omi kànga, ó fi ṣan gbòǹgbò náà mọ́ tónítóní, ó sì fi ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ nù ún gbẹ. "Gbà á. Èmi kì í dí ọmọ lọ́nà. Di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú dáadáa."

Dókítà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ohun tí ó ti ń wá láti ìgbà èwe ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, ẹkún sì ni ó ń sun. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó na ewé kọ̀ọ̀kan, ó yí òdòdó náà kojú sókè, ó sì gbé pákó lé e. Alhaji àti Wòlíì jí bọ́ síta, wọ́n rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ pé ó ti wọ ọkọ̀. Màmá ti gbé àpótí rẹ̀ wọlé.

Ewéko olómi kì í tètè gbẹ. Dókítà ń pààrọ̀ ìwé rẹ̀ lójoojúmọ́ títí omi ara rẹ̀ fi tán, ó sì fi í ránṣẹ́. Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Dókítà fẹ̀yìn tì. Ìwé ìmọ̀ kan gbé orúkọ náà jáde, Béjídé ló sì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ti ìdílé rẹ̀ níwájú. Kò pẹ́ sí i, àgbà onímọ̀ náà fi àwòrán kan ránṣẹ́ sórí fóònù. Inú Dókítà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò wọ bàtà kí ó tó sáré lọ bá Màmá nínú pálọ̀.

"Màmá, ẹ wá wò ó. Ó ti dé ibẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìyí nísàlẹ̀."

Màmá wá ìgò ojú rẹ̀, ó gbé fóònù náà jìnnà sí ojú, ó tún fà á mọ́ra. Ó ka orúkọ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ gòkè lọ bá ọmọ fúnra rẹ̀, lórí páálí funfun, tí igi rẹ̀ ti di tínrín, tí ewé rẹ̀ ti pọ́n, tí gbogbo ara rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ìwé. Ó wò ó títí.

"Ó ti rù," ni ó wí. "Kí ni wọ́n ń fún un jẹ níbẹ̀, Dókítà?"

Dókítà la ẹnu. Gbogbo ohun tí ó mọ̀ nípa bí omi ṣe ń kúrò lára ewé ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ojú Màmá.

"Òtútù ibẹ̀ ni, Màmá," ni ó wí.